Àga Ẹni Tí Kò Gbà

Èmi ni mo kan àga náà, mo sì mọ ohun tó ná mi: pákó tábìlì àlòkù, ìwọ̀nba ìṣó, àti ọ̀sán Sátidé kan tí mo ti fi sọ́kàn pé oorun ni màá fi sùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú díẹ̀. Kì í ṣe pé n kò mọ iṣẹ́ o. Ẹni tó ní kí n kàn án ló ní kí n má jẹ́ kó rọrùn jù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó máa jókòó síbẹ̀ kò wá sinmi."

Àbúrò ìyàwó mi lẹni náà. Tíṣà ni, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan náà tí èmi ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ káfíńtà. Láti ọdún tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti wà lọ́dọ̀ wa, nínú yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ilé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àgbà ní àròkọ alárìíyànjiyàn, èyí tí ọmọ yóò ti mú ọ̀rọ̀ kan, tí yóò ní báyìí ló yẹ kí a ṣe é, tí yóò sì máa to ìdí rẹ̀ títí ẹni tó ń kà á yóò fi gbà tàbí tí yóò fi sùn lọ. Àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Nítorí-Kí-Ni, torí pé kò sí ìwé tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá tí ìbéèrè yẹn kò ní sí létí rẹ̀. Ó mọ̀ pé orúkọ òun nìyẹn. Bí wọ́n bá pè é lẹ́yìn ògiri, á dáhùn.

Bó ṣe ń máàkì nìyí. Á nu tábìlì, á gbé ìwé kan síwájú, á sì gbé àga tí mo kàn yẹn sí òdì kejì, láìsí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ó pè é ní àga ẹni tí kò gbà. Á ka gbólóhùn kan sókè, á gbójú wo àga òfìfo náà, á dákẹ́ bí ẹni tó ń retí èsì. Nígbà mìíràn á mi orí, á ní, "Kò gbà." Pẹ́ńsù á wá bọ́ sílẹ̀ létí ìwé. Nígbà mìíràn á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ó ti fẹ́ máa gbà, ẹ má dá a lóhùn." Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bá a níbẹ̀, mo lọ bá ìyàwó mi ní kíṣìnì, mo ní kí ó lọ wo àbúrò rẹ̀, pé mo rò pé ooru ti mú un.

Ìgbà tó yá ni mo rí i pé iṣẹ́ kan náà là ń ṣe. Bí ọmọ bá kan tábìlì wá fún mi pé kí n fún òun ní máàkì, èmi kì í wo ọ̀dà rẹ̀. Màá di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, màá mì ín. Bí oríkèé rẹ̀ bá dún, ọ̀dà kò ràn án lọ́wọ́. Tíṣà náà ń mi ọ̀rọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ "nítorí náà" yẹn ni oríkèé rẹ̀. Á dì í mú, á fà á, á wò ó bóyá apá ti ọ̀tún yóò yọ kúrò lára apá ti òsì. Ọ̀pọ̀ ló ń yọ.

Àwọn ọmọ wa sì ní àìsàn kan tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Bí ẹ̀rí bá tán lọ́wọ́ wọn, òwe ni wọ́n máa kó jọ bí igi ìdáná. Ọmọ kan fẹ́ kí a fi kún àkókò tí wọ́n fi ń jókòó ṣe ìdánwò. Ìdí? "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ó parí. Òmíràn ní kí a dín in kù. Ìdí? "Òní la rí, kò sẹ́ni tó mọ̀la." Òun náà parí tirẹ̀, ó fi pẹ́ẹ̀nì sápò. Ohun kan náà ni Tíṣà kọ sí etí ìwé àwọn méjèèjì: "Ẹṣin dé. Ẹni tó gùn ún dà?" Torí a ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Ọmọ kan dìde ní kíláàsì lọ́jọ́ kan, ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ kórìíra òwe ni?" Ó ní, "Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ìwọ lọ. Mo kàn fẹ́ kí ẹṣin gbé nǹkan dé ni, kó má kàn wá jẹ koríko mi tán."

Inú ilé baba òun àti ìyàwó mi ni Tíṣà ti kọ́ ọ̀rọ̀ àga yẹn. Aránṣọ ni àna mi, ọkùnrin tí abẹ́rẹ́ kì í kúrò létí ètè wọn. Ọmọ tó bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ wọn, wọ́n á jẹ́ kó rojọ́ tán, wọ́n á wá ní, "Mo ti gbọ́ tìrẹ. Ó yá, sọ tèmi fún mi." Bí ọmọ kò bá lè sọ ìdí tí bàbá fi kọ̀, kí bàbá sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni, a ti parí ẹjọ́ nìyẹn.

Nígbà tí Tíṣà pé ọmọ tó lè lọ sí girama, bàbá ní kó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ nílé. Ọmọ sọ ìdí bàbá fún wọn. Ó ní ojú bàbá ti ń ṣú, wọn kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, iṣẹ́ àwọn ènìyàn ń pẹ́, bẹ́ẹ̀ wọn kò lè sọ fún àwọn oníbàárà pé ojú ni, kí wọ́n má baà gbé aṣọ lọ sí ibòmíràn. Ìyàwó mi wà níbẹ̀. Ó ní bàbá bọ́ awò ojú wọn, torí wọn kò tíì sọ ọ̀rọ̀ ojú yẹn fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà náà ni ọmọ wá sọ tirẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa fi òwú bọ abẹ́rẹ́ sílẹ̀ láràárọ̀ kí òun tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́, oríṣiríṣi àwọ̀, tí yóò tó wọn lò di ọ̀sán. Bàbá gbà. Ó ṣe é títí ó fi jáde ní girama.

"Ìwọ ńkọ́?" mo bi ìyàwó mi. "Báwo ni ìwọ ṣe ń ṣe é?"

"Èmi? Ẹkún ni mo máa ń sun. Ó yá ju tirẹ̀ lọ."

Ẹ wá gbọ́ ohun tó gbé èmi gan-an dé orí àga náà.

Ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa gbọ́ pé ẹnìkan fẹ́ fún wa ní kọ̀ǹpútà. Kò sí yàrá tí a máa kó wọn sí. Ojú gbogbo ènìyàn wá bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù mi, yàrá ńlá tó ní iná dáadáa, tó sì sún mọ́ àwọn kíláàsì. Wọ́n ní bóyá kí a ti iṣẹ́ káfíńtà pa, kí a sọ ibẹ̀ di yàrá kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá tì í pa, èmi náà ti tán nìyẹn. Káfíńtà tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, kí ló fẹ́ máa kọ́ ọmọ nínú gbọ̀ngàn, orin? Mo ti lo ìlàjì ayé mi níbẹ̀. Ọjọ́ orí mi kò sì jẹ́ ti ẹni tó ń wá iṣẹ́ káàkiri.

Alága ìgbìmọ̀, obìnrin kan tó ní ilé ìtajà oògùn, kò fẹ́ kí àwọn dá nìkan pinnu. Ó ní kí àwọn ọmọ kíláàsì àgbà kọ àròkọ lórí ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n ka èyí tó bá gba ipò kìíní sí etígbọ̀ọ́ ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ ìpinnu. Ẹni tó máa máàkì wọn, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ìyàwó mi gbọ́, ó pàtẹ́wọ́. À ń jẹun lọ́wọ́ ni.

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ọwọ́ ara wa lọ̀rọ̀ bọ́ sí."

"Ọwọ́ ta ni?" Tíṣà ní.

"Ọwọ́ tìrẹ ni. Ta ló máa máàkì?"

"Èmi ni."

"Ṣé o ti wá rí i báyìí."

"Rí kí ni, àǹtí mi?"

Ìyàwó mi kọjú sí mi. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ bá mi sọ ọ́ fún un. Láti kékeré ni mo ti ń bá a sọ̀rọ̀, kò gbọ́ ọ rí."

Èmi ń wo àwo oúnjẹ mi. Tíṣà gbé ife omi rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Bí ọmọ kan bá kọ ọ́ kó dúró pé kí ẹ̀gbọ́n máa ṣiṣẹ́ wọn lọ, èmi ni inú mi máa kọ́kọ́ dùn. Bí òmíràn bá kọ ọ́ kó dúró pé kí wọ́n tì í, máàkì ẹ̀ ni máàkì ẹ̀."

"Nínú ilé tí ò ń gbé?"

"Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni mò ń gbé. Ilẹ̀kùn kíṣìnì yín tó ti já ni mò ń gbé dání láràárọ̀ kí n tó lè bu omi."

Ìyàwó mi yí ojú kúrò lára àbúrò rẹ̀, ó gbé e wá bá mi. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn ti pẹ́ láàárín àwa méjèèjì. Mo ní mo ti yó.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ọmọ bíríkìlà kan tó máa ń wà lọ́dọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù já wọlé, ó na ìwé sí mi. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

"Bàbá, ẹ wo ohun tí Nítorí-Kí-Ni fi ojú mi rí! Ẹ̀yin ni mo gbèjà o!"

Mo nu ọwọ́ mi, mo gbà á. Òtítọ́ ni, èmi ni ó gbèjà. Ó ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ pátá ló fẹ́ràn mi. Létí rẹ̀, Tíṣà kọ ọ́ pé: "Gbogbo? Mélòó lo bi?" Ó ní bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀bù pa lónìí, lọ́la wọn á ti ilé ìkàwé pa, lọ́túnla wọn á ti ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ pa. Tíṣà ní: "Ta ló ń lé wọn tí wọ́n fi ń sáré báyìí?" Ó ní ẹni tó bá fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀bù yìí, ọmọ rẹ̀ kò ní rí àga jókòó lé láyé. Tíṣà ní: "Èpè nìyí. Ẹ̀rí ni mo béèrè." Òwe tó wà níbẹ̀ pọ̀ tó fi jẹ́ pé Tíṣà kò kọ ọ̀rọ̀ ẹṣin rẹ̀ ní kíkún mọ́. Ó kàn ń ya ẹsẹ̀ ẹṣin kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, títí dé ìsàlẹ̀. Ní ìparí ó kọ ọ́ pé: "Ìfẹ́ rẹ hàn, inú mi sì dùn sí i. Mo ti mọ ìdí tí ẹni tó fẹ́ràn wọn yóò fi gbà. N kò tíì mọ ìdí tí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí yóò fi gbà."

"Báwo lẹ ṣe rò ó sí, Bàbá?"

Mo ní, "O kọ ọ́ tinútinú." Ṣùgbọ́n mo ti mi tábìlì náà, mo ti gbọ́ bó ṣe dún.

Èyí tó gba ipò kìíní, ara pátákó ni wọ́n lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́, lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, níbi tí èmi ti máa ń gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀. Ọmọbìnrin kan ló kọ ọ́, ọmọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Lọ́yà, torí pé bí o bá kí i káàárọ̀ ó lè bi ọ́ pé ṣé ó dá ọ lójú. Mo gbé awò mi sójú, mo kà á, àwọn ọmọ sì dúró lẹ́yìn mi bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù.

Kò bú mi. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ dára, pé ọ̀dọ̀ mi ni ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ti kọ́ ọ, ibẹ̀ ló sì ti ń jẹun títí dòní. Lẹ́yìn náà ló wá ní, ṣùgbọ́n kíláàsì ìṣirò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ògiri kan ló là wọ́n láàárín. Bí ayùn oníná bá ń ké, olùkọ́ kì í gbọ́ ìbéèrè, ọmọ kì í gbọ́ èsì. Nítorí lẹ́búlẹ́bú igi, wọn kì í ṣí fèrèsé, bó ti wù kí ooru mú tó. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà kò tó ìdajì kíláàsì kan, bẹ́ẹ̀ gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pátá ló ń kọ́ ìṣirò. Nítorí náà, ó ní, ẹ ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Mo gba kọ́kọ́rọ́ mi. Mo lọ ń la pákó títí iṣẹ́ fi parí.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ti gbọ́. Ìròyìn kì í wọ mọ́tò, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣáájú mọ́tò dé. Ó dúró sí àárín ilé, ọwọ́ ní ìbàdí, ó ń sọ ọ́ fún ògiri pé àwọn kan wà tí ènìyàn gbé sẹ́yìn láti kékeré, tí wọ́n dàgbà tán tí wọ́n wá ń fi ẹsẹ̀ gbá ni nípàá. Tíṣà wà nídìí tábìlì rẹ̀. Èmi náà wọlé tọ̀ ọ́ lọ, mo ní n óò bá a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ lónìí.

Kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ti àga náà sún mọ́ mi. "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n."

"Lórí kí ni? Àga tí mo fọwọ́ ara mi kàn?"

"Ẹni tó kàn án ló mọ̀ pé kò ní wó. Ẹ jókòó. Ẹ sọ fún mi pé kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù káfíńtà pa."

Ìyàwó mi ti dé ẹnu ọ̀nà. "Orí ẹ ti yí!"

"Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Bàbá wa ló kọ́ wa."

Nítorí bàbá yẹn ni mo fi jókòó. Ẹsẹ̀ tó kúrú yẹn gbé mi tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní ó dáa. Mo yí ohùn padà, mo ní, "Èmi jẹ́ ènìyàn burúkú. N kò fẹ́ràn igi. Orí ilẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ yín máa jókòó sí. Ẹ ti ṣọ́ọ̀bù yẹn pa kíákíá, kí inú mi lè dùn."

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ère koríko tí àgbẹ̀ ń gbé dúró sóko lẹ gbé wá yẹn. Àwọn ẹyẹ gan-an ti mọ̀ pé kì í ṣe ènìyàn. Ẹ gbé ènìyàn wá, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó ní ìdí. Ẹni tí ẹ lè bá jẹun."

Ó rọrùn láti gbẹnu sọ fún ẹni tí kò sí láyé. Mo wá rántí olùkọ́ ìṣirò, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí a jọ máa ń kí ara wa lọ́nà.

"Olùkọ́ ìṣirò ń wúkọ́," mo ní.

"Mo ń gbọ́."

"Ó ti ń wú u tipẹ́. Mo ti rò pé bí ara ẹ̀ ṣe rí ni. Bí ìsinmi bá ti dé, kì í wú u mọ́." N kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí títí ó fi ti ẹnu mi jáde. "Ó máa ń gbé gègé ìkọ̀wé sókè dúró ni, títí ayùn á fi dákẹ́. Mo máa ń gba ojú gíláàsì fèrèsé rí i bí mo bá ń kọjá. Mo rò pé ó ń ronú ni."

Ìyàwó mi ti bọ́ ọwọ́ kúrò ní ìbàdí.

"Bí ó bá jẹ́ ọmọ tèmi ló wà ní kíláàsì yẹn," mo ní, "n óò ti wá bá káfíńtà náà jà."

Tíṣà mi orí bí baba rẹ̀ ṣe ń mi í. Ó ní, "Ó yá, ẹ dìde. Ẹ ti sọ tiwọn. Ẹ lọ wá tiyín." Kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Mo bi í pé ibo ni kí n ti wá a, ó ní òun ni ó máàkì ìwé ọmọ yẹn, òun kò lè tún máa bá ọ̀tá rẹ̀ kọ èsì. Ó fa ìwé mìíràn síwájú.

Mi ò gba ọ̀rọ̀ ènìyàn gbọ́ láìdán an wò, àní bó bá jẹ́ tèmi. Lọ́jọ́ kejì mo ní kí ọmọ bíríkìlà máa la pákó, mo sì lọ jókòó lẹ́yìn kíláàsì ìṣirò. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Eyín mi ń gbọ̀n nínú ẹnu. Olùkọ́ gbé gègé sókè, ó dúró, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi!

Nígbà tí mo jáde, mo ṣe ohun tí mo máa ń ṣe fún tábìlì. Mo di "nítorí náà" ọmọ yẹn mú, mo fà á. Ariwo ń da kíláàsì láàmú: ó dúró. Eruku ń pa ènìyàn: ó dúró. Nítorí náà kí a ti iṣẹ́ pa... Ó yọ. Ó yọ bọ́ọ́! Ohun tó ń da ìṣirò láàmú ni ibi tí ayùn wà. Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò ṣe ìṣirò ní nǹkan kan.

Mo bá yí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ká. Lẹ́yìn pátápátá, nítòsí ògiri ọgbà, ahéré kan wà tí a ń da àwọn bẹ́ǹṣì tó fọ́ sí. Òrùlé rẹ̀ jò, ilẹ̀kùn rẹ̀ há. Mo wọnú rẹ̀, mo fi apá wọn ọ́n. Ó kéré. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń kọ́ ìṣirò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àfi àwọn alángbá.

Ọjọ́ ìpinnu pé. Lọ́yà dúró níwájú ìgbìmọ̀, ó ka tirẹ̀ láìgbọ̀n. Nígbà tó parí, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ wo ilẹ̀, torí pé ọ̀rẹ́ mi ni. Alága ní, "Káfíńtà, ẹ ní ohun tí ẹ fẹ́ sọ?"

Mo dìde. Ohun tí wọ́n ń retí ni pé kí n ka iye ọdún tí mo ti lò, kí n sì fi aṣọ nu ojú. Mo ní, "Kí n tó sọ tèmi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ yìí." Mo sọ ọ́. Mo fi ikọ́ olùkọ́ kún un, èyí tí ọmọ náà kò mọ̀. Mo fi eyín mi tó ń gbọ̀n kún un. Nígbà tí mo ṣe tán, mo bi í pé, "Ọmọ mi, ṣé tìrẹ nìyẹn?"

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó tún dára ju tèmi lọ."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ibi tí a ti yà nìyí. O fi ẹ̀rí hàn pé kí wọ́n gbé mi kúrò níbẹ̀. Ìwọ wá ní kí wọ́n tì mí pa. Láti ibi àkọ́kọ́ dé ibi kejì, ọ̀nà wo lo gbà?"

Gbogbo ojú lọ sára ọmọ náà. Kò wò mí, Tíṣà ló ń wò, ẹni tó jókòó lẹ́yìn bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn. Ọmọ náà ṣí àpò rẹ̀, ó yọ ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ gan-an jáde, èyí tó ní ọwọ́ pẹ́ńsù Tíṣà lára, ó sì kà á sókè: "Ó dára gan-an. Afárá kan ló kù. Ariwo ni ẹjọ́ rẹ. Ṣé ariwo ni kí a gbé kúrò ni, àbí iṣẹ́ ni kí a tì pa? Wá èsì rẹ̀ kí o tó dúró níwájú ìgbìmọ̀." Ó ká ìwé náà. "Mo wá a, sà. Mi ò rí i. Mo rò pé kò sí ẹni tó máa béèrè."

Ẹ ò rí nǹkan. Ohun tí Tíṣà kọ fún ọmọ náà nìyẹn, kò sì jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Ohun tó ṣe fún mi, kò jẹ́ kí ọmọ náà gbọ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní kí ó lọ mi tábìlì rẹ̀.

Alága béèrè bóyá ibòmíràn wà. Mo sọ ti ahéré. Wọ́n dìde, a jọ rìn lọ wò ó, olùkọ́ ìṣirò ló sì kọ́kọ́ fi èjìká ti ilẹ̀kùn tó há náà. Kí a tó padà, wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan: yàrá ńlá di ti kọ̀ǹpútà, ahéré di tèmi, iṣẹ́ káfíńtà ń bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ bí mo ṣe ń ṣírò ohun gbogbo. Mo pàdánù ààyè tó pọ̀. Mo ní láti gé tábìlì iṣẹ́ mi gígùn nì sí méjì kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó sì dùn mí bí ẹni tó gé ìka. Bí òjò bá rọ̀, a ń gbé garawa síbì kan. Ní apá kejì: mo ń jí láàárọ̀, mo ní ibi tí mò ń lọ. Ọmọ bíríkìlà ti mọ bí wọ́n ṣe ń kan òrùlé, torí pé òun ló bá mi tún un ṣe. Àwọn tábìlì tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà lé, àwa la kàn wọ́n, Lọ́yà sì wá mi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó gbà wọ́n. Olùkọ́ ìṣirò kì í wúkọ́ mọ́. Èrè ni.

Mo sì máa ń ro ọ̀nà kejì wò. Ká ní Tíṣà ti gbọ́ ti ìyàwó mi ni. Ìwé ọmọ bíríkìlà ni wọn ì bá kà lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú èpè rẹ̀ àti agbo ẹṣin rẹ̀ gbogbo. Alága ì bá rẹ́rìn-ín dé ibi tó rẹ́rìn-ín dé, èmi ì bá sì dìde lẹ́yìn rẹ̀ láti sunkún. Ìfẹ́ ni wọn ì bá fi sìn mí délé láìníṣẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò ṣàánú mi. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Nítorí kí ni?" A jọ rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó mi kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. Kò sí nínú ẹ̀yà ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, bí mo ṣe na ẹsẹ̀ pé kí n sun oorun tí àga yẹn jẹ mí láti ọjọ́ yìí, ó wọ́ àga náà wá láti yàrá ẹ̀yìn, ó gbé e kalẹ̀ níwájú mi.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jókòó."

"Lórí ọ̀rọ̀ kí ni?"

"Ilẹ̀kùn kíṣìnì. Mo ti gbọ́ tiyín láti ọdún tó kọjá. Ó yá, ẹ sọ tèmi fún mi."

Tíṣà yọjú láti ẹ̀yìn, kò sọ̀rọ̀. Mo jókòó, mo tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní káfíńtà ni ọkọ mi, kò sí ilé ìdáná ẹlòmíràn ládùúgbò tí ilẹ̀kùn rẹ̀ já, mò ń fi ìgbáròkó ti ilẹ̀kùn bí mo ṣe ń gbé ìkòkò gbígbóná, lọ́jọ́ kan yóò já bọ́ lù mí. Mo dúró, mo wá ibi tí oríkèé rẹ̀ ti lè yọ. Mo fà á sọ́tùn-ún, mo fà á sósì. Kò yọ.

Mo dìde, mo lọ mú òòlù.